Ọ̀nà Mẹ́rin sí Omi Tó Ń Já Nínú Igbó Aláìlọ́nà: Èwo Ló Bá Yín Mu?

Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ilẹ̀ Kétu tẹ́jú. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà. Sábẹ̀ẹ́ ní òkè àpáta tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó bá ń ṣàn lára àwọn àpáta wọ̀nyẹn kì í pẹ́ gbẹ lẹ́yìn òjò. Ará ilé wa tó bá fẹ́ dúró lábẹ́ omi ńlá tó ń já láti orí òkè nínú igbó dúdú, ìrìn àjò ló máa rìn. Ó lè gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí àwọn òkè Togo, láàárín Badou àti Kpalimé. Ó lè gba Ìlárá sọdá sí Ìmẹ̀kọ, kó forí lé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ó sì lè gòkè lọ sí àwọn òkè Atacora, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀.

Àwọn tó lórúkọ níbẹ̀ ti ní ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là. Akloa wà nítòsí Badou, gíga rẹ̀ tó mítà 35, abúlé Tomégbé ni wọ́n ti ń gbéra lọ síbẹ̀. Olúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ló ní. Kota wà ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí Natitingou. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kò nílò ìfiwéra yìí. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ti rí ìwọ̀nyẹn, tó wá gbọ́ pé omi mìíràn ń já lẹ́yìn òkè kejì, níbi tí ipa ẹsẹ̀ kankan ò dé. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà débẹ̀: kó tẹ̀lé odò, kó tẹ̀lé fóònù, kó fi kọ́ńpáàsì gba ẹ̀yìn òkè (ìyẹn orí òkè tó gùn lọ bí ẹ̀yìn ẹran), tàbí kó tẹ̀lé ọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí a yọ ibì kan kúrò ná: igbó tó sún mọ́ ọgbà Pendjari, ní ìhà Tanguiéta àti Tanougou. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2019, tí wọ́n jí arìnrìn-àjò gbé nínú ọgbà náà tí wọ́n sì pa ẹni tó ń mú wọn kiri, ìhà yẹn ò tíì rọgbọ. Bó ti wù kí omi ibẹ̀ lẹ́wà tó, a ò ní dámọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni pé kó wọ igbó rẹ̀ láìsí ọ̀nà.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Ìpadàbọ̀ ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Bí èèyàn ṣe máa débẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: bí ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá já wa kulẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ló máa mú wa délé? Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ìró omi ń pè yín. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kò sí ohun tó ń pè yín. Ẹ ti kẹ́yìn sí omi, igbó iwájú jọ ti ẹ̀yìn, ó sì ti rẹ̀ yín. Nítorí náà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni a ó bi léèrè bó ṣe ń kùnà, àti bí ẹ ṣe máa tètè mọ̀ pé ó ti kùnà.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìmọ́lẹ̀. Nínú igbó tí kò lọ́nà, kìlómítà kan ní wákàtí kan ni kí ẹ fi ṣírò. Níbi tí igi ńlá ti bo ojú ọ̀run tí abẹ́ rẹ̀ sì mọ́, ẹ lè rin kìlómítà méjì. Níbi tí wọ́n ti gé igi rí, tí ìtàkùn àti ẹ̀gún ti gba ilẹ̀, ìdajì kìlómítà lè gbà tó wákàtí kan. Omi tó wà ní kìlómítà mẹ́ta sí ojú títì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko: wákàtí mẹ́ta àlọ, wákàtí mẹ́ta àbọ̀, wákàtí kan níbẹ̀, ìyókù fún ohun tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé aago. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Togo fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Lóṣù kọkànlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Badou nígbà tí aago ibẹ̀ bá fi díẹ̀ lé ní márùn-ún àbọ̀. Fóònù yín máa yí aago padà fúnra rẹ̀ ní ẹnubodè, orí yín ò sì ní yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó ṣì máa rò pé ó di aago mẹ́fà àbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, bíi ti Kétu. Lábẹ́ igi ńlá nínú àfonífojì, ojú á ti ṣókùnkùn ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀ rárá. Ẹ mú aago kan tí ẹ máa yí padà sí, ẹ sì dì í mú: bí aago yẹn bá lù, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń gbọ́ ìró omi níwájú, ẹ padà.

Owó ni ẹ̀kẹta. Owó sẹ́fà kan náà ni à ń ná títí dé Badou. Bí ẹ bá forí lé Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ẹ̀kẹrin ni ara yín àti iye èèyàn tó ń bá yín lọ.

Títẹ̀lé odò

Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dà bí èyí tó rọrùn jù. Orí odò ni omi ti ń já, odò náà sì kọjá ojú títì níbì kan lábẹ́ afárá. Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbi afárá, ẹ máa lọ sókè. Kò sí bátìrì tó lè kú, kò sí ìṣirò.

Ní ti ìpadàbọ̀, odò ní ìwà kan tó dára púpọ̀. Bí ẹ bá ń gòkè lọ, ẹ ó máa bá oríta pàdé níbi tí odò méjì ti para pọ̀, ẹ ó sì ní láti yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀, oríta ò dà yín láàmú mọ́, nítorí gbogbo ẹ̀ka ló ń ṣàn wọ inú ọ̀kan. Odò tí ẹ bá gbà gòkè kò lè sọ yín nù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Odò tí ẹ ò gbà gòkè ni ẹ gbọ́dọ̀ sá fún. Ẹni tó ṣìnà lórí òkè, tó wá sọ pé òun á tẹ̀lé omi kan ṣáá títí yóò fi dé abúlé, orí àpáta níbi tí omi yẹn ti ń já ló máa gbé e dé, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní oríta, ẹ má fi ìbú odò dá a mọ̀. Odò tó gbòòrò lè jẹ́ omi pẹlẹbẹ tó kan wà lórí iyanrìn. Èyí tó tóóró lè jìn kó sì máa sáré. Ẹ fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀, ẹ ju ewé sí i kí ẹ wo bó ṣe ń yára tó. Ọ̀nà tí omi púpọ̀ ti ń wá ni kí ẹ gbà, àfi bí ẹni tó mọ ibẹ̀ bá ti sọ òmíràn fún yín. Ẹ so ọ̀já pupa mọ́ ẹ̀ka igi ní ojú ibi tí ẹ gbà, kí ẹ sì tú u nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Ẹsẹ̀ ló ń san owó ọ̀nà yìí. Etí odò ni oòrùn ti ń ráyè wọlé, nítorí náà ibẹ̀ ni ewéko ti ń dí jù nínú gbogbo igbó. Èèyàn á sá fún ewéko wọ inú omi, á bá òkúta tí ewé tútù bò pàdé. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé òkúta, ẹ yan èyí tó gbẹ tí ojú rẹ̀ kò dán. Èyí tó dúdú tó ń dán, ẹ fò ó. Bàtà òjò gígùn ò dára nínú odò, torí omi á kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wúwo. Bàtà rọ́bà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá bọ́ọ̀lù di ilẹ̀ mú dáadáa nínú omi, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kò bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bàtà kánfáàsì tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ní eyín, tí omi ń yára jáde nínú rẹ̀, ló dára jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Òjò ni ohun tó ń pa ènìyàn lójú odò. Oòrùn lè máa ràn lórí yín nígbà tí òjò ń rọ̀ lórí òkè níbi tí ẹ ò rí. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdéédé pọ́n, bí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé kọjá, bí ìró odò bá wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gun ẹ̀bá rẹ̀ lọ sókè. Ẹ má ṣe dúró kó ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí omi lè ga dé, ẹ wo ìdọ̀tí ewé tó há sára ẹ̀ka igi: bó bá ga ju orí yín lọ, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìsinmi. Omi tó ń sáré tó sì ga ju orúnkún lọ, ẹ má sọdá rẹ̀. Bó bá sì di dandan kí ẹ sọdá omi tó mọ ní orúnkún, ẹ tú okùn àpò ẹ̀yìn yín sílẹ̀, ẹ kọjú sókè odò, ẹ fi ọ̀pá ṣe ẹsẹ̀ kẹta, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà ló ń sọ bóyá ọ̀nà yìí dára. Lóṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, omi pọ̀, ewu sì pọ̀. Lóṣù kejì sí ìkẹta, ẹ̀ka mìíràn á ti gbẹ, ẹ ó débẹ̀ kí ẹ bá àpáta gbígbẹ. Oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni a fara mọ́: òjò ti ń lọ, omi ṣì wà.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Kòkòrò dúdú kékeré tí í kó àìsàn tó ń fọ́ ojú ranni, inú omi tó ń sáré ló ń bí sí. Omi tó dúró sójú kan, tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀, ni àtọ̀sí ajá ti ń wá, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀.

Títẹ̀lé fóònù

Fóònù tó wà lápò yín ti tó, nítorí náà owó tuntun tó máa ná yín kò pọ̀: owó báńkì iná tí ẹ fi máa gba iná sí fóònù lójú ọ̀nà, àti àpò ọ̀rá tó ń sé omi. GPS inú rẹ̀, tó ń sọ ibi tí ẹ wà, ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò nílò SIM. Ohun tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì ni àwòrán ilẹ̀. Ilé ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Áàpù Organic Maps àti OsmAnd jọ ń lo àwòrán OpenStreetMap, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba ti orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ sílẹ̀, kí ẹ wá pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ rí i dájú pé odò àti òkè ṣì ń hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ìdánwò kékeré yìí, Badou ni wọ́n sì ti ń rí i pé òfìfo ni àwọn gbé wá.

Bí ẹnìkan bá fún yín ní nọ́ńbà ibi tí omi wà, ẹ bi í bó ṣe kọ ọ́. 7°30′ àti 7.30 kì í ṣe ibì kan náà. 7°30′ ni 7.50, torí 30 jẹ́ ìdajì 60 tó wà nínú ìwọ̀n (digirí) kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí 7.30 ti fi nǹkan bíi kìlómítà 22 ṣìnà kó tó gbẹ́sẹ̀.

Lábẹ́ igi tó nípọn, àmì lè fi mítà 10 sí 30 ṣìnà. Láàárín ògiri àpáta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àmì máa ń lu àpáta kó tó ta dé ọwọ́ yín. Ẹ wá ibi tí ojú ọ̀run ti là, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sàmì sí ibi tó ṣe pàtàkì. Àwòrán náà kò sì mọ gbogbo odò kékeré, kò mọ ẹ̀gún rárá. Ìlà tààrà tó fà láti ọ̀dọ̀ yín dé ibi omi lè la ẹnu àpáta tó ga ní ogún mítà kọjá.

Iṣẹ́ tí fóònù mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kíkọ ipa ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ lè rí i tẹ̀lé padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ibi tí ẹ ti fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ gan-an. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí púpọ̀ ò mọ̀: fóònù Android máa ń pa áàpù tó bá wà lẹ́yìn kó lè dá bátìrì sí, ìlà á sì já láìsọ fún yín. Ẹ lọ sínú ètò bátìrì, ẹ jẹ́ kí áàpù náà ṣiṣẹ́ láìní ìdíwọ́, ẹ sì máa wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bóyá ìlà ṣì ń gùn. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú àfonífojì ń jẹ bátìrì ju GPS fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Báńkì iná tí wọ́n kọ 10 000 mAh sí lára kì í kún fóònù 5 000 mAh lẹ́ẹ̀méjì. Púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ṣírò.

Báwo ló ṣe ń kùnà? Lẹ́ẹ̀kan náà ni, pátápátá. Omi òjò kan ojú rẹ̀, kò gbọ́ ọwọ́ mọ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ sórí òkúta, ó fọ́. Kò sí ìkìlọ̀. Ẹni tó ń tẹjú mọ́ ọn láti òwúrọ̀ kò wo igi kan, kò ka odò kan, kò mọ apá ibi tí oòrùn wà. Bó bá kú, kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù méjì lọ́wọ́ ènìyàn méjì, tí ọ̀kan wà ní pípa nínú ọ̀rá, ni ìwọ̀n tó kéré jù tí a lè fọwọ́ sí.

Kọ́ńpáàsì àti ẹ̀yìn òkè

Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra kọ́ńpáàsì, ohun èlò alábẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí àríwá, ó sì lè bá yín dé ọjọ́ ogbó. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nínú igbó Badou; ilẹ̀ títẹ́jú Kétu ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, ẹ wọn mítà 100, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì yín kan ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbà, ó máa ń wà láàárín 60 sí 70. Ẹ tún un kà nínú pápá eléwéko lórí ilẹ̀ tó dagun, ẹ ó rí i pé ó lé sí 80 tàbí 90. Nọ́ńbà yìí ni ẹ ó fi mọ bí ẹ ti rìn jìnnà tó. Ní gbogbo mítà 100, ẹ sọ òkúta wẹ́wẹ́ kan láti àpò ọ̀tún sí ti òsì.

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà fún gbogbo ayé. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù nìkan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dagun ní ilẹ̀ wa, á máa ha ìdí rẹ̀, kò sì ní yí dáadáa. Ìyàtọ̀ láàárín àríwá abẹ́rẹ́ àti àríwá tòótọ́ kéré ní ìhà ibí, ẹ lè fi sílẹ̀ fún ìrìn ọjọ́ kan. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ni àdá: irin àdá ń fa abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ wo kọ́ńpáàsì, ẹ fi àdá lélẹ̀, ẹ rìn sẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó wò ó. Fóònù àti tọ́ọ̀ṣì náà ń fà á.

Ìwọ̀n (digirí) márùn-ún péré tí ẹ bá fi ṣìnà máa gbé yín kúrò lójú ọ̀nà ní mítà 87 nínú kìlómítà kan. Nínú kìlómítà mẹ́ta, ó ti lé ní mítà 250, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í dojú kọ ibi omi tààrà. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ kọjú sí apá ìsàlẹ̀ odò rẹ̀. Bí wọ́n bá kan odò, wọ́n ti mọ̀ pé òkè ni omi wà, wọ́n á yí síbẹ̀ láìsí iyèméjì.

Ẹ̀yìn òkè ni a fẹ́ kí kọ́ńpáàsì gbà. Ó gbẹ, ìtàkùn rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àfonífojì, ẹranko sì ti máa ń la ipa síbẹ̀, ìró omi ń gòkè wá bá yín, omi òjò ò sì lè ká yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìwà òkè yàtọ̀ sí ti odò pátápátá. Odò ń para pọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ń pínyà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ń darí yín sí orí kan, ọkàn yín á balẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, orí kan yẹn ń là sí méjì, sí mẹ́ta, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sí àfonífojì tirẹ̀. Ibi tí ó bá ti là ni kí ẹ dúró sí nígbà àlọ, kí ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ so ọ̀já, kí ẹ kọ nọ́ńbà kọ́ńpáàsì ti àbọ̀ sínú ìwé kékeré. Ẹni tí kò ṣe èyí ti fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Lóṣù kejìlá sí ìkejì, ọyẹ́ máa ń bo òkè jíjìn, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ lè fi ojú mú níwájú. Ẹ mú igi tó wà ní mítà 50, ẹ rìn dé ibẹ̀, ẹ tún mú òmíràn.

Títẹ̀lé ọdẹ

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ló ń gba owó lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, òun nìkan náà ló mọ ohun tí kò sí lórí àwòrán kankan: ibi tí tàkúté wà, ibi tí oyin ti ń ta, odò tó ń kún lálẹ́, igbó tí àlejò ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ọ̀rọ̀ igbó èèwọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí fóònù lè sọ fún yín. Ní ilé wa pàápàá, láti ọdún 2012 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fi ìwé àṣẹ gbà pé igbó òrìṣà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, òfin igbó 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje 1993 sì ti wà ṣáájú rẹ̀ lórí igbó ọba. Ẹ lọ kí olórí abúlé kí ẹ tó wá ọdẹ. Ẹ mú ọtí sọ̀dábì tàbí obì dání, ẹ jókòó, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà. Èyí nìkan ti sọ gbogbo abúlé di ẹni tó máa wá yín bí ilẹ̀ bá ṣú.

Èdè lè dí yín lọ́wọ́ ní Badou, níbi tí àwọn Akposso ń gbé. Ẹ wá ògbufọ̀ láti Atakpamé: àwọn ará Ifẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní Ànà, èdè wọn bá tiwa tan, ẹni tó ń sọ Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ á máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá rọra sọ ọ́.

Gbogbo ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀nà kọ́ ló mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ kòkó mọ igbó dé ibi tí oko rẹ̀ parí sí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè: “Bàbá, ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn? Odò mélòó la ó sọdá? Níbo la ó wà bí oòrùn bá dé àtàrí?” Ẹni tó ti débẹ̀ á ka odò náà lórí ìka, á sì sọ èyí tó ń yọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé kò jìnnà, kò jìnnà, tí kò lè ka odò, àgbọ́sọ ló ń sọ.

Owó ọjọ́ kan gbáko ni kí ẹ bá a ná, kì í ṣe owó wákàtí. Bí ẹ bá fi wákàtí sanwó, ẹni tó ń sáré ni ẹ ń sanwó fún. Ẹ san ìdajì kí ẹ tó lọ, ìdajì nígbà tí ẹ bá dé abúlé. Oúnjẹ àti omi rẹ̀ wà lọ́rùn yín. Kì í ṣe alárù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù ni kó tẹ̀lé e lẹ́yìn gan-an, nítorí ọdẹ tí kò gbúròó ẹni lẹ́yìn á máa yára sí i. Gbogbo yín, òun náà, kí ẹ ní aṣọ pupa tàbí ti yẹ́lò lára, kí ọdẹ mìíràn má baà rò pé ẹran ló ń mi igbó.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà ni pé orí ènìyàn kan ni ọ̀nà wà. Bí ejò bá ṣán bàbá ọdẹ, bó bá fi ẹsẹ̀ kọ tó sì ṣẹ́, gbogbo yín ti sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a ò fi fọwọ́ sí títẹ̀lé ọdẹ lásán. Kí ẹnìkan máa fi fóònù kọ ipa ẹsẹ̀ láti abúlé, kó má ṣe sọ ọ́ di ìjà ọgbọ́n pẹ̀lú bàbá, kó kàn wà nínú àpò.

Ohun tí gbogbo wọn jọ nílò

Lítà omi mẹ́ta fún ẹnìkan. Tọ́ọ̀ṣì orí fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bátìrì tuntun, ì báà jẹ́ pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ẹ gbéra. Fèrè: ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹẹsẹ túmọ̀ sí pé ẹ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, torí ohùn kì í borí ìró omi. Ẹ gorí igi tó wó sílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì, ẹ má fò ó. Ẹ̀yìn igi bẹ́ẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ ń sùn sí. Bó bá ṣán ènìyàn, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi ẹnu fa a. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kúrò níbẹ̀, ẹ fi igi gbe ẹsẹ̀ náà ró kó má mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kéré tán, kí ẹ jẹ́ mẹ́rin: bí ọ̀kan bá farapa, ẹnìkan á dúró tì í, méjì á lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Ta ni kó yan èwo?

Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó tẹ̀lé ọdẹ, kí fóònù wà lápò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tó lé ní mẹ́fà, àti gbogbo ẹni tó ń lọ sí ibi tí wọn ò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ẹ bá pín owó ọdẹ sí mẹ́fà, kì í wúwo lọ́rùn ẹnìkan.

Ẹgbẹ́ kékeré tí ara wọn le, tí wọ́n ń lọ lóṣù kọkànlá, tí omi náà kò ju kìlómítà méjì sí afárá, lè tẹ̀lé odò, kí wọ́n fi òjò ṣe aago. Nígbà òjò, kí wọ́n má dán an wò.

Fóònù nìkan wà fún ibi tó sún mọ́ ipa ẹsẹ̀ tó ti wà: òkè ìpele kejì ní Olúmirìn, níbi tí ẹ lè gbọ́ ohùn àwọn tó wà nísàlẹ̀, tàbí àyíká Akloa. Bí kìlómítà kan bá ti yà yín sí ipa ẹsẹ̀, ẹ fi ohun kejì kún un.

Kọ́ńpáàsì wà fún ẹni tó ti fi oṣù mélòó kan dán an wò ní ilẹ̀ Kétu tàbí láàárín àpáta Sábẹ̀ẹ́, tó lè dé ibi àmì kan ní kìlómítà kan láìwo fóònù. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kó wà nínú gbogbo ẹgbẹ́, yálà ọdẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹni tó bá ń mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà lọ, kò sí èyí tó bá a mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó mú wọn lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ Olúmirìn tàbí Tomégbé, kí wọ́n gbéra ní òwúrọ̀, kí wọ́n gba ojú ọ̀nà.